Dùbúlẹ̀ Lé E Kí O Tó Sanwó

Òṣogbo,
Ọjọ́ Àìkú.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Àwọn àwòrán bẹ́ẹ̀dì tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù màmá rẹ ti dé. Òun ti mú ọ̀kan kí n tó wo èkejì tán, ó ní èyí tí wọ́n to ìrọ̀rí pupa sí lórí ló wu òun. Èmi kò tíì mú nǹkan kan.

O ní kí n kan férémù bẹ́ẹ̀dì kí n sì fi ránṣẹ́ sí ọ ní Ṣómólú kí oṣù yìí tó parí, pé ní ti fóòmù, wàá rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀. Igi ti wà nílẹ̀. Ọ̀mọ̀ tó gbẹ dáadáa ni mo yà sọ́tọ̀ fún ẹsẹ̀ àti orí bẹ́ẹ̀dì náà, arère ni màá fi ṣe pákó ìdábùú. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ayùn kàn án títí wàá fi ra fóòmù, nítorí fóòmù la fi ń wọn férémù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ lórí rẹ̀ gùn ju ohun tí a lè sọ lórí fóònù lọ, mo sì fẹ́ kí o mú ìwé yìí dání lọ sọ́jà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ sí kò ju ẹyọ kan lọ: má sanwó fóòmù tí ara rẹ kò tíì kàn. Lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á, bọ́ bàtà rẹ, dùbúlẹ̀ lé e. Mi ò ní kí o má lo íntánẹ́ẹ̀tì o. Ó ní ibi tó ti wúlò, màá débẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán kò ní ẹ̀yìn tí yóò máa ro ó láàárọ̀. Ìwọ lo ni ẹ̀yìn.

O mọ̀ pé iṣẹ́ àga àti bẹ́ẹ̀dì ni mo fi tọ́ ọ. Fóòmù tí mo ti fi ọ̀bẹ là láti ìgbà náà kò lóǹkà, mo sì mọ ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà tí kọ́fà bá ṣí kúrò lára. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀tàn inú òwò náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn olómi méjì ni, ọ̀kan ń jẹ́ polyol, èkejì ń jẹ́ TDI. Wọ́n á pò wọ́n mọ́ omi díẹ̀ àtàwọn èròjà mìíràn. Bí wọ́n bá ti pàdé báyìí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, afẹ́fẹ́ á sọ inú wọn di ihò wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì wú sókè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó ti gba yíìsì. Inú búlọ́ọ̀kù náà máa ń gbóná gan-an, nítorí náà wọ́n á fi í sílẹ̀ kó tutù kó sì gan, ó lè di ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ rẹ́ ẹ sí ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Oògùn méjèèjì yìí, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó wọn wá. Dọ́là ni wọ́n fi ń rà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí owó fóòmù fi fò sókè lẹ́yìn tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, tí èmi pàápàá fi ń ro àròjinlẹ̀ kí n tó gba iṣẹ́ àga onífóòmù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí oògùn bá ti wọ́n tó bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò máa dùn ún tà. Fóòmù méjì lè ga bákan náà, kí wọ́n fẹ̀ bákan náà, kí kọ́fà wọn jọra, síbẹ̀ kí oògùn inú ọ̀kan tó ìlọ́po méjì ti èkejì. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni wọ́n ń pè ní dẹ́ńsítì: iye kílò tó wà nínú fóòmù tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Èyí tí dẹ́ńsítì rẹ̀ wà ní 16 fúyẹ́ púpọ̀, ọmọdé ló yẹ. Láti 20 sí 24, ó ti ń ṣe gidi. Bó bá dé 28 tàbí 30, àgbàlagbà tó sanra lè sùn lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń tajà kì í dédé sọ ọ́. Gíga ni wọ́n máa ń pariwo: íǹṣì 10, íǹṣì 12, “àǹtí, ẹ wo bó ṣe ga!” Gíga kọ́ là ń sùn lé, Àṣàkẹ́. Fóòmù íǹṣì 12 tí kò ní oògùn nínú á dùn ún wò lọ́jọ́ tí o bá gbé e wọlé. Kò ní pẹ́ tí àárín rẹ̀ á fi jìn, tí wàá máa yí sínú kòtò náà lóru, tí ìbàdí rẹ yóò sì máa sọ fún ọ láàárọ̀.

Nítorí náà, béèrè dẹ́ńsítì. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ̀ ọ́n, tàbí tó ní kí o má da ara rẹ láàmú, wá ìwé tí wọ́n rán mọ́ ara fóòmù náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, gbé fóòmù náà sórí òṣùwọ̀n. Mi ò ṣàwàdà rárá. Fóòmù 6 báì 4½ tó ga ní íǹṣì 8, bí dẹ́ńsítì rẹ̀ bá jẹ́ 16, yóò wọn nǹkan bíi kílò 8. Bó bá jẹ́ 24, yóò tó kílò 12. Bó bá jẹ́ 30, yóò tó kílò 15. Kọ́fà á fi díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín 8 àti 15 kì í ṣe ohun tí kọ́fà lè bò mọ́lẹ̀. Òṣùwọ̀n tí ènìyàn ń gùn láti wo bó ṣe sanra tó náà tó: gùn ún ní ìwọ nìkan, kí o tún gbé fóòmù náà dání gùn ún, kí o yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì. Àwọn kan lè máa wò ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Jẹ́ kí wọ́n máa wò.

Ó ku ohun kan tí òṣùwọ̀n nìkan kò lè rí. Àwọn kan máa ń po ìyẹ̀fun funfun kan tó dà bí ẹfun mọ́ oògùn fóòmù kí ó lè wúwo. Irú fóòmù bẹ́ẹ̀ á wọn kílò, ṣùgbọ́n kò ní lágbára, á máa rún díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o ṣí sípù rẹ̀. Fi àtàǹpàkò gbo igun rẹ̀ bí ẹni ń fọ nǹkan, kí o wo ọwọ́ rẹ bóyá ìyẹ̀fun wà níbẹ̀. Fi ìkúùkù tẹ àárín rẹ̀ wọlé dáadáa, kí o gbé ọwọ́ kúrò: fóòmù gidi á dìde padà lójú ẹsẹ̀, ojú ìkúùkù rẹ kò ní hàn mọ́. Já díẹ̀ níbi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá já wẹ́lẹ́ láìjẹ́ pé o fagbára, fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní àwọn kì í jẹ́ kí oníbàárà ṣí sípù, kí i pé ó dàárọ̀.

Ọmọ aládùúgbò wa kan ra fóòmù lọ́wọ́ ẹni tó ń fi báro gbé e kiri nírọ̀lẹ́. Fóòmù náà pọ́n, ó ní òdòdó lára, orúkọ tó wà lára rẹ̀ fẹ́ jọ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá kan, wọ́n kàn yí lẹ́tà kan padà ni. Láìpẹ́, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tó ń gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi ni wọ́n gbé fóòmù náà wá bá. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ tú kọ́fà rẹ̀, àkísà fóòmù ni mo bá, àjákù tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, pupa, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ eérú. Ọ̀kan nínú àwọn àjákù náà ní ihò wẹ́wẹ́ méjìméjì lẹ́bàá rẹ̀, tò tò tò, ojú pín-ìnnì tí àwa oníṣẹ́ àga fi ń kan fóòmù mọ́ pákó. Pín-ìnnì kan ṣì wà nínú rẹ̀, ó ti dípẹtà. Àga ẹnìkan ni fóòmù yẹn kí ó tó di ibùsùn ọmọ ọlọ́mọ. Nítorí náà, lóru tàbí lọ́sàn-án, má ra fóòmù lọ́wọ́ ẹni tí o kò mọ ibi tí wàá ti bá a lọ́la.

Ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ti pẹ́ kò wọ́n wa. Vitafoam ti wà láti 1962, Mouka náà ti di àgbà nínú iṣẹ́ yìí kí ilé iṣẹ́ Dolidol ti Mòrókò tó rà á ní 2020. Mi ò sọ pé tiwọn nìkan ló dára, àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké kan wà tí mo ń ra fóòmù àga lọ́wọ́ wọn tí kì í já mi kulẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o ra tẹni tó ní ilé, tó ní ìwé, tó sì ní àmì MANCAP tí àjọ SON ń fún ọjà tí wọ́n ṣe nílẹ̀ yìí. Ka orúkọ rẹ̀ lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn.

Ó kan ọ̀rọ̀ líle àti rírọ̀, èyí tí màmá rẹ àti èmi kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ìyá mi sùn lórí ẹní títí ó fi dàgbà, ẹní Ògótùn tó ń fi pamọ́ fún àlejò pàápàá kì í rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tọ́ ṣánṣán. Ìyẹn ni màmá rẹ máa ń tọ́ka sí tó bá ń sọ pé bí ibùsùn bá ṣe le tó ló ṣe dára fún ẹ̀yìn tó. Àwọn tó ń ta fóòmù náà mọ̀ pé a gba bẹ́ẹ̀ gbọ́, ni wọ́n ṣe ń kọ “orthopaedic” sára ohunkóhun tó bá ti le. Ọ̀pọ̀ nínú irú fóòmù bẹ́ẹ̀, àjákù fóòmù ni wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ra. Kì í ṣe ẹ̀tàn bí ilé iṣẹ́ gidi bá ṣe é, tí wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀. Ó wúwo, ó ń pẹ́, ó wúlò fún ẹni tó sanra gan-an. Ṣùgbọ́n ìwọ kò sanra.

Dókítà egungun kan tí mo ṣe àga fún ló là mí lóye lórí èyí. Ó ní àwọn oníṣègùn kan ní Sípéènì kó ènìyàn 313 tí ẹ̀yìn ti ń dùn fún ìgbà pípẹ́ jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní ibùsùn líle, wọ́n fún àwọn tó kù ní èyí tó le níwọ̀nba. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, àwọn tó sùn lórí èyí tó le níwọ̀nba ni ìrora wọn dín kù jù. Ìwé ìròyìn ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní The Lancet ló gbé e jáde ní 2003. Mo ka èyí fún màmá rẹ. Ó ní àwọn ará Sípéènì kò mọ ẹní Ògótùn. Ó dáa, ṣùgbọ́n ìwọ, láti kékeré lo ti máa ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn, tí wàá ká orúnkún dé àyà. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀gbẹ́ sùn, èjìká àti ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ráyè wọlé díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá rẹ̀ á máa kú tipiri lóru.

Bí o bá dé ṣọ́ọ̀bù, bí mo ṣe fẹ́ kí o ṣe é nìyí. Má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí o sọ pé o ti gbọ́ ọ. Ọwọ́ kọ́ ló ń sùn. Dùbúlẹ̀ gbalaja, kí o ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn rẹ níbi tó tẹ̀ wọnú lókè ìdí. Bí ọwọ́ bá ń wọlé tó ń jáde láìkan nǹkan kan, ó le jù fún ọ. Bí kò bá ráyè wọlé rárá, ìdí rẹ ti rì, ó rọ̀ jù. Ó yẹ kó wọlé, kí ó sì máa ha díẹ̀. Lẹ́yìn náà, yí sí ẹ̀gbẹ́ bí o ṣe máa ń sùn gan-an, kí o ká orúnkún, kí o sì dúró bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìṣẹ́jú kan kò tó, nítorí ara tó ti rẹ̀ láti inú ọkọ̀ Èkó, orí àpótí pàápàá á dùn mọ́ ọn. Wọ ṣòkòtò lọ́jọ́ náà kí ara má bàa tì ọ́, kí o sì mú ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé àdúgbò dání, kí ó dúró lẹ́yìn, kí ó wò ó bóyá ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ tọ́ nígbà tí o fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

O béèrè nípa èyí tí wọ́n ń pè ní memory foam, tí ó wà nínú àwòrán kẹta. Ọwọ́ àwọn ará NASA ní Amẹ́ríkà ló ti jáde. Charles Yost àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló ṣe é ní 1966 fún ìjókòó ọkọ̀ òfuurufú. Ooru ara ló ń jẹ́ kó rọ̀, tí yóò fi gba ara sínú. Ohun tó dùn ún sùn lé ni níbi tí òtútù wà. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ooru lọ, ìwọ sì ń gbé Ṣómólú nínú yàrá tó ní fèrèsé kan, níbi tí iná lè lọ láago mọ́kànlá alẹ́ kí ó má padà títí di òwúrọ̀. Fi owó yẹn ra fóòmù gidi tí kọ́fà rẹ̀ jẹ́ òwú. Onísípíríìǹgì ńkọ́? Ó máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá, ó sì dára bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi aṣọ dì sípíríìǹgì rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó wúwo, kò sì ṣeé ká. Àtẹ̀gùn ilé yín tó yípo yẹn, mo rí i nígbà tí a bá ọ kó ẹrù dé. Fóòmù á tẹ̀ kọjá níbẹ̀. Onísípíríìǹgì kò ní tẹ̀.

Mo tún rí i pé 6 báì 6 ló wù ọ́. Àṣàkẹ́, yàrá yẹn kò gbà á. Bí a bá gbé 6 báì 6 síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni wàá máa fi rìn dé ibi kọ́bọ́ọ̀dù. Ra 6 báì 4½, kí owó tó ṣẹ́ kù lọ sórí dẹ́ńsítì. Ọjọ́ tí yàrá bá fẹ̀, tí ọkọ bá dé, a ó tún bẹ́ẹ̀dì mìíràn kàn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Manchester ló sọ fún ọ pé kò sí ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀bù fún èyí mọ́, pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lòun ti ra tòun. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ àti òun kò sí nínú ọjà kan náà. Lọ́dọ̀ wọn, òfin fún ẹni tó bá rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tilẹ̀ ń gbà kí o sùn lé e fún 100 òru kí o tó pinnu, bí kò bá bá ọ lára mu, wọ́n á wá gbé e, wọ́n á dá owó rẹ padà. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé ẹjọ́ gíga ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ ará Jámánì kan tó ra ibùsùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ya náílọ̀n rẹ̀, tó sì fẹ́ dá a padà. Ilé ẹjọ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, pé ibùsùn dà bí aṣọ tí ènìyàn wọ̀ wò, wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n tún un tà. Ẹni tó ní irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ láti padà sí lè rajà lórí ibùsùn rẹ̀ lóru.

Òfin wà níbí náà. Òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti 2018 sọ pé ọjà tí wọ́n tà fún ọ gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe tí wọ́n ṣe mu, àjọ FCCPC sì wà tí o lè fi ẹjọ́ sùn. Bó bá di dandan, lò ó, má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n mo mọ iye ọjọ́ ìsinmi tí wọ́n ń fún ọ níbi iṣẹ́, mi ò sì fẹ́ kí o ná wọn lórí ká máa gbé fóòmù lọ ká máa gbé e bọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á, bí o bá ti ya náílọ̀n báyìí, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wúlò ni kí o tó jáde nílé àti lẹ́yìn tí o bá ti dùbúlẹ̀ lé e tán. Kí o tó jáde, wo iye tí wọ́n ń tà á lórí Jumia, lórí Konga, àti lórí ojú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é fúnra rẹ̀, kí o kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù má bàa fi owó lé ọ lórí. Lẹ́yìn tí o bá ti rí èyí tó bá ọ lára mu, kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, gíga rẹ̀ àti dẹ́ńsítì rẹ̀. Bó bá dínwó ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà gan-an, rà á níbẹ̀, mi ò ní bínú. Béèrè iye tí wọ́n máa gbà láti gbé e wá, àti bóyá ẹnu ọ̀nà ìta ni wọ́n á já a sí tàbí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí wọ́n bá gbà kí o sanwó nígbà tó bá dé, yàn bẹ́ẹ̀, kí o ṣí sípù rẹ̀, kí o sì fi tépù wọ̀n ọ́n lójú ẹni tó gbé e wá. Àwọn mìíràn máa ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á ká a bí ẹní sínú páálí. Irú èyí, tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé, kí o fún un ní ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó wú tán kí o tó sọ pé kò ga tó bí wọ́n ṣe sọ. Ní ti àwọn tó ń fi àwòrán ẹlẹ́wà pàtẹ lórí Instagram, tí wọ́n ní kí o fi gbogbo owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì ẹnìkan kí wọ́n tó gbé ọjà, jọ̀ọ́, ọmọ mi, má dán an wò.

Fóòmù àlòkù kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ. Mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ fẹ́ ta tirẹ̀ fún ọ nítorí pé ó ń kó lọ sí Canada, mo sì mọ̀ pé ó mọ́ tónítóní. Ra fíríìjì rẹ̀. Ìdun máa ń sá sínú ojú rírán, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìmu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bó bá wọ yàrá rẹ, yóò wọ pákó tí èmi kàn, yóò wọ ògiri láńlọ́ọ̀dù.

Nígbà tí o bá rà á, gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí ìwé wàráńtì, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Bi wọ́n léèrè ohun tí wàráńtì náà bò. Ó sábà máa ń jẹ́ fóòmù tó bá jìn kọjá ìwọ̀n kan, kì í sì í bo èyí tí omi tàbí ọbẹ̀ bá ti dà sí, nítorí náà ra kọ́fà tí omi kì í wọ̀ kí o fi bò ó lábẹ́ bẹ́ẹ̀díṣíìtì. Ṣí fèrèsé fún un ní ọjọ́ kan kí òórùn tuntun rẹ̀ lọ. Má tẹ́ ẹ sórí táìlì lásán nígbà tí o bá ń dúró de férémù, ọ̀rinrin ara rẹ á gbá jọ sábẹ́ rẹ̀, á sì bu. Gbé e nàró ti ògiri lójoojúmọ́ tí o bá ti jí. Bẹ́ẹ̀ ni kí o má sì máa sá a sóòrùn gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe nílé. Oòrùn tààrà máa ń sọ fóòmù di pupa rúsúrúsú, ojú rẹ̀ á wá máa rún. Kọ́fà ni kí o bọ́ kí o fọ̀ kí o sì sá. Fóòmù fúnra rẹ̀, abẹ́ òjìji tí atẹ́gùn wà ti tó o. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yí ibi orí rẹ̀ sí ibi ẹsẹ̀.

Ní ti férémù, má dààmú. Màá to pákó ìdábùú súnmọ́ra, àlàfo wọn kò ní ju íǹṣì 3 lọ, kí fóòmù má bàa máa rì sáàárín wọn, kí atẹ́gùn sì máa gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Màá ṣe é ní èyí tí wọ́n lè tú kí wọ́n tún tò, bóòtù ni màá fi dè é, kí ó lè gba àtẹ̀gùn yẹn gòkè.

Ohun tí mo ń retí lọ́dọ̀ rẹ báyìí: gígùn fóòmù náà, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ bí ìwọ fúnra rẹ ṣe fi tépù wọ̀n ọ́n, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, nítorí wọ́n máa ń dín díẹ̀ nígbà míràn. Ya fọ́tò ìwé tí wọ́n rán mọ́ ọn lára. Wọn ìbú ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ pẹ̀lú, àti gíga láti ilẹ̀ dé etí fèrèsé, kí orí bẹ́ẹ̀dì má bàa dí atẹ́gùn. Bí wọ́n bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ajé, màá gé pákó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, awakọ̀ tó máa ń bá mi kó ẹrù lọ sí Èkó á sì gbé e ní Ọjọ́bọ̀. Màmá rẹ ti fi owó díẹ̀ sínú àkáǹtì rẹ láti fi kún ti fóòmù. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kì í ṣe owó 6 báì 6, ó sì ní kí o ra ìrọ̀rí pupa méjì nínú rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.